Logitech Z906 lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì: ihò tí wáyà wọ̀ ló ń sọ ohun tí ẹ máa gbọ́

Sípíkà kéékèèké márùn-ún, wọ́fà ńlá kan, agbára 500 watt lápapọ̀, òǹtẹ̀ THX tó ń jẹ́rìí sí ìdára ohùn lára: láti ọdún 2011 tí Logitech Z906 ti jáde, ó ṣì wà lára sípíkà 5.1 tó dára jù tí èèyàn lè so mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì láì ra rìsífà, ẹ̀rọ tó ń tú ohùn tó sì ń fún sípíkà lágbára, lọ́tọ̀. Ohùn rẹ̀ kún, ó sì mọ́ kedere. Ohun tó ń dunni nídìí rẹ̀ ni pé èèyàn á kó owó ńlá lé e, á gbé e délé ní Bódìjà tàbí Apata, á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ohùn méjì péré ni yóò sì máa gbọ́ nínú mẹ́fà tó sanwó fún, kò sì ní mọ̀. Sípíkà kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni ẹjọ́ wà.

Bí wọ́n ṣe máa ń dán an wò lọ́jà wà lára ohun tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Queen Cinema, ọlọ́jà á so fóònù mọ́ ojú aux, á fi fújì sí i, á tẹ bọ́tìnì effect títí iná 3D yóò fi tàn, sípíkà márààrún á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ ti ẹ̀yìn yẹn?” Ti ẹ̀yìn ń dún lóòótọ́. Àmọ́ wáyà fóònù kò gbé ju ohùn òsì àti ohùn ọ̀tún lọ, Z906 fúnra rẹ̀ ló pín méjì yẹn ká sára sípíkà márùn-ún. Sọ́ráńdì tòótọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Inú fíìmù tàbí géèmù ni ohùn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń jáde, tí oníkálùkù á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ dé sípíkà tirẹ̀: iwájú òsì, iwájú ọ̀tún, àárín, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń lọ sínú wọ́fà. Ti wọ́fà yìí ni .1 tó wà nínú 5.1. Torí náà, ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kó tó gbowó. Bí kò bá ní kọ̀ǹpútà tó ṣeé so ó mọ́, ẹ gbé tiyín lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo orí wáyà 3.5mm tí gbogbo wa ń kì bọ fóònù: ìlà dúdú méjì ló wà lára irin rẹ̀, ìlà méjì yẹn sì pín irin náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kan jẹ́ ti òsì, ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀tún, ìkẹta ni wáyà ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ihò kan, ohùn méjì. Ohùn mẹ́fà nílò ihò mẹ́ta, ohùn mẹ́jọ ti 7.1 sì nílò mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta sáùńdì káàdì (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde láti inú kọ̀ǹpútà) ti USB kékeré tí wọ́n kọ 7.1 gàdàgbà sí lára, tó sì jẹ́ pé ihò ohùn kan àti ihò máìkì kan ló ní, àfarawé ló ń tà fún yín. Ohùn mẹ́jọ kò lè gba ihò kan jáde.

Àwọ̀ ihò náà nítumọ̀, inú ìlànà PC 99 tí Microsoft àti Intel fi lélẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Àwọ̀ ewé ni ti sípíkà iwájú méjì. Dúdú ni ti ẹ̀yìn méjì. Àwọ̀ ọsàn ló ń gbé àárín àti wọ́fà. Àwọ̀ eérú jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ méjì fún ẹni tó ní 7.1. Búlúù ni ohùn ń gbà wọlé láti inú ẹ̀rọ mìíràn, píǹkì sì ni ti máìkì. Inú páálí Z906 ni wáyà olórí mẹ́ta wà, wọ́n kun orí kọ̀ọ̀kan ní ewé, dúdú àti ọsàn. Ẹ so àwọ̀ mọ́ àwọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún so àwọ̀ mọ́ àwọ̀ lẹ́yìn wọ́fà.

Bí mọ́dábọ́ọ̀dù yín, bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan so mọ́, bá ní ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn, ẹ ti bọ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ihò bá ti jẹ́ mẹ́ta péré: ewé, búlúù, píǹkì. Ọ̀pọ̀ irú bọ́ọ̀dù yìí ṣì lè gbé 5.1, nítorí pé ṣíìpù Realtek tó ń bójú tó ohùn lórí bọ́ọ̀dù lè yí iṣẹ́ ihò padà. Búlúù á di ti ẹ̀yìn, píǹkì á di ti àárín àti wọ́fà. Èyí kò ní ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ o. Ẹ gbọ́dọ̀ fi dràíbà Realtek (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ṣíìpù náà) tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù gbé jáde síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí Windows kàn bá yín wá, kí ẹ wá ṣí Realtek Audio Console, kí ẹ sọ fún un pé sípíkà ni ẹ kì bọ ibẹ̀, kì í ṣe máìkì. Máìkì yín á wá lọ sí ihò iwájú kéèsì, tàbí kí ẹ lo ti USB.

Ẹni tó ń lo Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk tòkunbọ̀, irú èyí tó kún ọ́fíìsì àti ilé ní ìgboro Ìbàdàn, kí ó fara balẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó náwó kankan. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju ihò ohùn kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn, kò sì sí dràíbà tó máa sọ ihò kan di mẹ́ta. Sáùńdì káàdì ni irú wọn nílò. Sound Blaster Audigy Fx tó ń wọ ojú PCIe kékeré lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tó fún iṣẹ́ yìí, ó ní ihò 5.1 pé. Bí kéèsì yín bá jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, irin kúkúrú ni ẹ máa fi dè é. Ẹ rí i pé ó wà nínú páálí kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí irin gígùn kò ní jẹ́ kí kéèsì náà dé. Ẹni tí kò fẹ́ tú kéèsì lè wá sáùńdì bọ́kísì USB tó ń lo ṣíìpù CM6206. Ìyẹn ní ihò púpọ̀ lára, kì í ṣe ẹyọ kan.

Lẹ́yìn tí wáyà bá ti wọlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé iṣẹ́ parí. Windows kò mọ̀ pé ẹ ti ní sípíkà márùn-ún, ohùn méjì ni yóò máa rán jáde títí ẹ óò fi sọ fún un. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mmsys.cpl, ẹ tẹ Enter. Lábẹ́ Playback, ẹ yan Speakers tó jẹ́ ti Realtek, ẹ tẹ Configure, ẹ mú 5.1 Surround, kí ẹ sì tẹ Test. Bí àwòrán 5.1 bá jẹ́ méjì, ọ̀kan ní sípíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ní i lẹ́yìn, ẹ mú èyí tí ti ẹ̀yìn yín bá fi dún. Ẹ wá máa tẹ àwòrán sípíkà kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí etí yín wà ńbẹ̀. Èyí tí ẹ tẹ̀ nìkan ló yẹ kó dún. Tí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn òsì tí iwájú òsì sì dáhùn, effect ṣì wà ní títàn lára Z906, tàbí kó jẹ́ pé ihò tí wáyà dúdú wọ̀ kọ́ ló yẹ kó wọ̀.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú gan-an: ẹ tẹ àárín, wọ́fà ló dún, ẹ tẹ wọ́fà, sípíkà àárín ló ń gbọ̀n. Àárín àti wọ́fà jọ wà nínú ihò àwọ̀ ọsàn kan ṣoṣo ni, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò sì fẹnu kò lórí èyí tó máa wà níwájú nínú wáyà náà. Nínú fíìmù, inú sípíkà àárín ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ti ń jáde, torí náà bí wọ́n bá pààrọ̀ ara wọn, ẹ óò máa gbọ́ orin àti ìbọn, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Ẹ má tú wáyà. Nínú ìṣètò Realtek, ibì kan wà tí wọ́n kọ Swap Center/Subwoofer Output sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Èkejì: gbogbo sípíkà kàn dákẹ́ lójijì. Kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ wo iwájú kéèsì bóyá ẹnì kan ti ki ẹ́àfóònù bọ ibẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ihò iwájú máa ń pa ti ẹ̀yìn lẹ́nu mọ́.

Ó wá kan wáyà optical, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló ga jù nítorí pé ó jẹ́ oní-ìmọ́lẹ̀. Ojú optical méjì ni Z906 ní, pẹ̀lú coaxial kan. Toshiba ló gbé irú wáyà yìí jáde lọ́dún 1983, ó dára, ẹ óò sì rí iná pupa kékeré lẹ́nu rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ń rán nǹkan jáde. Ṣùgbọ́n ààyè inú rẹ̀ kò fẹ̀. Ohùn tí a kò fún pọ̀, méjì péré ló lè gbé. Kó tó lè gbé mẹ́fà, àfi kí ẹnì kan ti fún un pọ̀ sínú Dolby Digital tàbí DTS, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà fún ohùn sọ́ráńdì pọ̀. Fíìmù orí DVD ti wà ní fífún pọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí náà ó ń kọjá geere: kọ̀ǹpútà á gbé e lọ bó ṣe wà, Z906 á tú u, iná Decode á tàn lójú bọ́kísì ìdarí rẹ̀. Iná Decode yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Bí kò bá tàn nígbà tí ẹ ń lo optical, ohùn méjì ni ẹ ń gbọ́, ohun yòówù kí ẹ rò pé ẹ ń gbọ́.

Géèmù yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ti fún ohùn géèmù pọ̀ sílẹ̀, torí pé bí ẹ ṣe ń yí orí ni ó ń ṣẹ̀dá ohùn ìṣísẹ̀ àti ìbọn. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa fún un pọ̀ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì ní orúkọ: Dolby Digital Live tàbí DTS Connect. Ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù tí kò wọ́n kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Sáùńdì káàdì bíi Sound BlasterX AE-5 Plus ní in. Ìdí nìyí tí ẹni tó so optical ṣe máa dé inú mmsys.cpl tó máa rí i pé Configure kò ṣeé tẹ̀. Kò bàjẹ́ o, 5.1 kò sí lójú ọ̀nà yẹn láti yàn ni. Ohun tó ṣeé ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ wọ Properties, Supported Formats, kí ẹ fàmì sí Dolby Digital àti DTS Audio, kí ẹ dán wọn wò. Nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fíìmù, ẹ lọ sí Tools, Preferences, Audio, kí ẹ tan passthrough, èyí tó ń jẹ́ kí ohùn tí a fún pọ̀ kọjá bó ṣe wà.

Ìdájọ́ tiwa nìyí, a sì dúró lórí rẹ̀: lórí kọ̀ǹpútà, wáyà mẹ́ta aláwọ̀ ni kí ẹ lò fún Z906. Kọ̀ǹpútà ló máa tú ohùn fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ Dolby TrueHD tàbí DTS-HD tí Z906 kò mọ̀ ọ́n tú rárá, á pín in sí mẹ́fà, á sì rán an jáde. Géèmù ń ṣiṣẹ́, fíìmù ń ṣiṣẹ́, ẹ kò ní láti máa yí nǹkan padà. Optical ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, tàbí fún ilé tí iná bá ti ń da ohùn rú.

HDMI kò sí lára Z906, kí ẹ má wulẹ̀ wá a. Ohùn tó gba inú káàdì fídíò lọ sí mọ́nítọ̀ yóò parí sí ihò ẹ́àfóònù mọ́nítọ̀ náà, ohùn méjì náà ni. HDMI lè gbé ohùn mẹ́jọ láìfún un pọ̀, ṣùgbọ́n rìsífà ló wà fún, owó rìsífà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lórí iná Ìbàdàn: bí wọ́fà bá ń kùn ṣáá láìsí orin, ẹ yọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bí kíkùn bá dáwọ́ dúró, láti ara kọ̀ǹpútà ló ti ń wá, iná tó ń gba wáyà ilẹ̀ yí po láàárín ẹ̀rọ méjèèjì ló fà á. Ẹ kì wọ́n méjèèjì bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà. Bí kò bá lọ síbẹ̀, ìgbà yìí ni optical wúlò jù, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé, iná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì, bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ló ń dáàbò bò. Bí kíkùn kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ yọ wáyà, ẹ wo orísun iná yín. Ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ kò rí geere bíi ti ìjọba, máa ń mú kí tiransifọ́mà inú wọ́fà kùn, jẹnẹrétọ̀ kékeré I better pass my neighbour náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí IBEDC bá mú iná lọ tó sì dá a padà, Z906 kì í tan ara rẹ̀. Ẹ óò tẹ bọ́tìnì. Lásìkò òjò, tí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná pátápátá.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀, kí ó yí wọ́fà padà kó ka àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí 120V nìkan ló kọ síbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni. Tí wọ́n bá kì í bọ 230V wa tààrà, yóò jóná. Step-down, ẹ̀rọ tó ń sọ 230V di 120V, tó gbé tó 1000 watt ni yóò nílò, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ wo bọ́kísì ìdarí pẹ̀lú. Láìsí i, Z906 kì í tàn, rírà á lọ́tọ̀ kò sì rọrùn. Orí wáyà rẹ̀ jọ ti VGA, ẹ má kì í bọ ojú mọ́nítọ̀.

Wáyà sípíkà rẹ̀ ni ohun tó wù wá jù lára rẹ̀: ojú tí a ń tẹ̀ tó ń la ni wọ́n lò, lára wọ́fà àti lára sípíkà, tí ẹ lè bó wáyà lásán kì bọ. Ó túmọ̀ sí pé gígùn wáyà inú páálí kò dè yín. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, wáyà tó bá tọ ìdí ògiri láti wọ́fà igun iwájú dé igun ẹ̀yìn tó kọjú sí i jẹ́ ẹsẹ̀ 24, kí ẹ tó ka gíga tí sípíkà máa wà. Ẹ ra ẹsẹ̀ 30, gauge (ìwọ̀n sísanra wáyà) 16 tàbí 18, tó jẹ́ kópà. Ẹ bó o tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ lọ́ ọ pọ̀, kí ẹyọ irun wáyà kankan má kan ìkejì. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá yí ti sípíkà kan padà, yóò ṣì dún, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ á gbẹ, ohùn olórin á sì fẹ́lẹ́, ẹ kò ní mọ ibi tó ti ń wá.

Iwájú méjì àti orí yín ló yẹ kó ṣe igun mẹ́ta tó dọ́gba: bí ẹ bá jìnnà sí ojú mọ́nítọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí àlàfo sípíkà méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ti ẹ̀yìn kì í lọ sẹ́yìn pátápátá, ìlànà ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ní kí wọ́n wà láàárín 100 sí 120 digírì sí iwájú yín, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ etí, kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí wọn kò bá jìnnà dọ́gba, ẹ fi bọ́tìnì Level lára Z906 ṣàtúnṣe. Ó ń dín ti ẹ̀yìn, àárín àti wọ́fà kù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́fà inú igun máa ń bú ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá láàárín ògiri búlọ́ọ̀kù àti táìlì, gíláàsì lúfà á sì máa gbọ̀n. Kọ́tìnì tó nípọn àti kápẹ́ẹ̀tì ń tún un ṣe ju wáyà olówó iyebíye lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ń gbọ́ gan-an. Bí fíìmù bá ń lọ nínú VLC, ẹ tẹ Ctrl àti J, kí ẹ wo ìlà Channels. Bí 3F2R/LFE bá wà níbẹ̀, mẹ́ta iwájú, méjì ẹ̀yìn àti wọ́fà pé. Bí Stereo ló wà níbẹ̀, kò sí ìṣètò tó lè fi ohùn tí kò sí kún un. Fíìmù tí wọ́n ti fún kéré kó lè tètè wọ fóònù, fíìmù Yorùbá orí YouTube, fújì, ìwàásù: ohùn méjì ló sábà máa ń wà nínú wọn. Ẹ fi bọ́tìnì effect yan 2.1, ìyẹn sípíkà iwájú méjì àti wọ́fà, gbọ́ wọn, ohùn wọn á mọ́ ju ti 3D lọ.

Ẹni tó jẹ́ pé ìwọ̀nyẹn nìkan ló ń gbọ́, kó má ra Z906. Kó fi owó rẹ̀ ra 2.1 gidi. Ẹni tó ń gbá géèmù ìbọn, tó ń wo DVD àti Blu-ray, tí yàrá rẹ̀ sì gba sípíkà lẹ́yìn, Z906 kò ní já a kulẹ̀. Bí owó kò bá tó o, Z506 ti ilé iṣẹ́ kan náà jẹ́ 75 watt. Kò ní optical rárá, wáyà mẹ́ta aláwọ̀ yẹn náà ló ń lò, nítorí náà ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fún òun náà.